Dókítà mọṣẹ́, àmọ́ kántà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ẹṣin mi

Ọ̀sán gangan ni bàbá tó ń bá mi tọ́jú ẹṣin pè mí: "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ kíá, ara ọmọ yìí ń gbóná janjan." Nígbà tí mo fi máa dé Ọba-Ilé, ọmọ ẹṣin ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú oòrùn, ara rẹ̀ gbẹ, kò làágùn rárá. A wọ́ ọ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a ń da omi tútù sí i lára, mo sì pe ilé ìwòsàn ẹran tó fún wa lóògùn ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin orí kántà ló gbé e.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Ṣé ẹ ti san bálánsì yín?"

Bálánsì! Mo ní, "Ọmọ mi, ẹran ń kú lọ o." Ó ní dókítà ti jáde. Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà dókítà, ó ní àwọn kì í fún èèyàn. Mo fi ìyá tó bí i lọ́mọ bẹ̀ ẹ́. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló padà pè mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé inú oòrùn ló wà?" Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ pé azithromycin, ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n fún wa, kì í jẹ́ kí ọmọ ẹṣin làágùn bó ṣe yẹ, pé abẹ́ òjìji ló gbọ́dọ̀ wà lọ́sàn-án títí oògùn yóò fi parí. Ó ní òun kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ìwé tí kántà fún mi, iye owó nìkan ló wà lórí ẹ̀! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí n má parọ́, dókítà obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ibòmíràn ti gún ọmọ yìí ní pẹnisílìn títí, ikọ́ kò lọ, ìgbẹ́ gbuuru kò dá. Òun ló gbé síkáànì sí i ní ìhà, tó fi eéwo inú ẹ̀dọ̀fóró hàn wá. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Rhodococcus equi ló fà á. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin ló ń gbé, eruku ló ń bá wọlé. Inú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa á gan-an ló ń sá pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí pẹnisílìn kò fi ràn án. Bí ọmọ bá sì gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, ó di ti ìfun. Kò fi pamọ́ fún wa pé ti inú ikùn le ju ti àyà lọ.

Ó ti kìlọ̀ pé rifampicin, oògùn kejì, yóò sọ ìtọ̀ ọmọ náà di bíi Fanta, ẹ̀rù kò sì bà wá. Ó ní ká máa nu ẹnu ọmọ lẹ́yìn oògùn, kí ìyá rẹ̀ má lá a, torí ó lè fún àgbà ẹṣin ní ìgbẹ́ gbuuru tó ń pani. Gbogbo èyí ló fi ẹnu sọ. Ti oòrùn nìkan ló fi sílẹ̀ fún ìwé.

Oògùn náà wọ́n, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n síkáànì tó kẹ́yìn mọ́ tónítóní. Ọmọbìnrin kántà ti ń pè mí ní Bàbá Ẹlẹ́ṣin báyìí, ó ń fún mi ní àga. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Abo ẹṣin mi kejì ti lóyún, ọ̀dọ̀ dókítà yẹn náà ni màá gbé ọmọ rẹ̀ lọ bí nǹkan bá ṣe é, àmọ́ ìràwọ̀ kò ní kúrò ní méjì àfi tí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ oòrùn sórí ìwé oògùn wọn.