Àgbéyẹ̀wò Àwọn Géèjì Olówó Pọ́ọ́kú Tí Mo Tò Sínú Peugeot 504 Pikọ́ọ̀pù Àtijọ́ ní Àkúrẹ́

Ọkọ̀ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ Peugeot 504 pikọ́ọ̀pù, irú èyí tí àwọn oníkòkó Ìdànrè àti Oǹdó ti ń fi kó ẹrù láti ọjọ́ pípẹ́, tí ó sì ṣì ń ná ọ̀nà oko sí Àkúrẹ́ títí di òní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, irin ara rẹ̀ kò tíì jẹrà, ṣùgbọ́n dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti kú: abẹ́rẹ́ bẹntiróòlù dúró sójú kan yálà táńkì kún tàbí ó gbẹ, abẹ́rẹ́ ooru omi ń fò bí ó ti wù ú, okùn onírin tí ń yí spídómítà sì ti já. Mo wá dáṣíbọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kiri. Èyí tí mo rí wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu láti ra géèjì tuntun, kí n sì jẹ́ kí wọ́n gé pátákó irin tí yóò gbà wọ́n.

Géèjì mẹ́ta ni ó wà nínú páálí tí mo kọ́kọ́ rà: ọ̀kan fún ìfúnpá ọ́ílì, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ílì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún ooru omi, ọ̀kan fún bátìrì. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára wọn ju pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe wọ́n lọ. Ara géèjì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 52 mm ní ìbú, ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ gan-an fún irú géèjì bẹ́ẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lọ́la, géèjì láti ọwọ́ ẹlòmíràn yóò wọ inú ihò kan náà. Nǹkan bí 40,000 náírà ni mo san fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ wọn, ìyẹn ohun kékeré tí ń mọ ooru tàbí ìfúnpá, tí ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún géèjì. Géèjì bẹntiróòlù àti sẹ́ńsọ̀ inú táńkì rẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye yẹn. Spídómítà tí ń lo GPS, ìyẹn èyí tí ń fi sátẹ́láìtì mọ eré ọkọ̀, ni ó gbówó lórí jù, ó lé ní 60,000.

Bí owó ènìyàn kò bá tó, ti ọ́ílì àti ti ooru omi ni kí ó kọ́kọ́ rà. Iná pupa ọ́ílì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbójú lé, ṣùgbọ́n iná yẹn kì í sábà tàn títí ìfúnpá yóò fi já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì bar (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ìfúnpá), nígbà tí bẹ́ríńgì ti ń jìyà lábẹ́lẹ̀. Nínú ọkọ̀ tèmi, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí mo sì wà lórí eré, abẹ́rẹ́ a máa dúró láàrin 3 sí 4 bar. Bí mo bá dúró ní gosiló Ọjà Ọba láìtẹ iná, a sọ̀kalẹ̀ sí 1 bar tàbí kí ó lé díẹ̀. Iye tí ó ń kà nígbà tí ọkọ̀ dúró yẹn ni mo máa ń ṣọ́ jù. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó jẹ́ àmì pé ọ́ílì ti ṣàn jù tàbí pé bẹ́ríńgì ti ń jẹ, ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sì ti máa kó owó jọ kí ọ̀ràn tó di títú ẹ́ńjìnnì lójijì.

Ti ooru omi ṣe pàtàkì fún wa nítorí ọ̀nà tí à ń gbà. Ẹni tí ó bá ti kó kòkó jáde láti oko kan lẹ́yìn Ìdànrè mọ ohun tí ẹrù wúwo, jíà kékeré àti òòrùn ọ̀sán lè fi ojú rádíétọ̀ àtijọ́ rí. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, abẹ́rẹ́ mi kì í kúrò láàrin 80 sí 90 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí mo bá ń gun òkè, a máa sún mọ́ 95, a sì tún padà wálẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rí afẹ́fẹ́. Ohun kan wà tí àwọn tí ń tà á kì í sọ: ara omi ni sẹ́ńsọ̀ ti ń mọ ooru, nítorí náà bí omi bá ti jò tán, ó lè máa ka iye tí ó kéré sí ooru tí ó wà nínú irin. Abẹ́rẹ́ tí ó já wálẹ̀ lójijì lórí òkè kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Kí ènìyàn tètè dúró, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó má sì ṣí ìdérí rádíétọ̀ títí yóò fi tutù.

Kí ríwáyà tó fọwọ́ kan ọkọ̀ ni mo ti dán àwọn géèjì náà wò, mo sì gba ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ọjà tí kò lórúkọ níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo so géèjì ooru mọ́ bátìrì, mo fi wáyà kan so ara sẹ́ńsọ̀ mọ́ orí négétíìfù, mo wá ri ẹnu sẹ́ńsọ̀ náà bọ inú ìkòkò omi lórí sítóòfù, pẹ̀lú témómítà nínú omi kan náà. Nítorí pé Àkúrẹ́ ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bí 350 mítà, omi a máa hó níbí kí ó tó pé 100, ní bí 99. Témómítà fi hàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 95 ni géèjì ń kà. Mo kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ pé aago òun fi ìṣẹ́jú mẹ́rin falẹ̀ kò ní pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ti ọ́ílì kò ṣeé fi ìkòkò dán wò. Ọ̀dọ̀ fọganáísà ni mo gbé e lọ, a fi ọ̀pá kékeré so sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀, a sì wo géèjì tirẹ̀ àti tèmi pọ̀. Ní 45 psi, tí ó jẹ́ bí 3.1 bar, géèjì mi ń ka 3. Ìyẹn dára ju bí mo ti rò lọ fún ọjà olówó pọ́ọ́kú.

Ìyà gidi wà nínú ojú ìdè, ìyẹn ibi tí a ti ń yí sẹ́ńsọ̀ wọ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹnu sẹ́ńsọ̀ tí ó wá nínú páálí kò bá ihò ara ẹ́ńjìnnì mu: ìlà ìdè tiwọn jẹ́ 1/8 NPT, irú ìlà ìdè Amẹ́ríkà kan, ti ọkọ̀ sì yàtọ̀. Páálí náà ní irin ìsopọ̀ kan nínú, ṣùgbọ́n kò wúlò fún mi, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní Ìjòkà ni ó bá mi gbẹ́ èyí tí ó bá a mu láti ara idẹ. Ẹ má ṣe yọ bọ́tìnnì tí ń tan iná pupa ọ́ílì dànù láti rí ààyè fún sẹ́ńsọ̀ tuntun. Àwọn méjèèjì lè jọ wà lórí ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, kí iná lè ké sí awakọ̀ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà, kí abẹ́rẹ́ sì máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ ọ́ílì wúwo, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì máa ń gbọ̀n, nítorí náà bí ìsopọ̀ náà bá gùn jáde jù, ó lè ṣẹ́, kí ọ́ílì sì tú jáde tán. Ọ̀pá rọ́bà tí a fi irin hun ni a fi gbé tèmi lọ sára irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a sì fi wáyà áàsì tirẹ̀ sí i, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí orí négétíìfù bátìrì. Bákan náà, kí a má ṣe wé téèpù funfun àwọn aṣẹ̀rọ omi mọ́ ìdè náà ní àwéyípo, nítorí pé láti ara ìdè yẹn ni sẹ́ńsọ̀ tí ó ní ojú wáyà kan ṣoṣo ti ń rí áàsì.

Ọ̀rọ̀ áàsì yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ka àgbéyẹ̀wò yìí fi sọ́kàn jù, nítorí òun ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn máa bú géèjì tí kò ṣẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí mo bá tan iná iwájú, abẹ́rẹ́ ooru a fò sókè pẹ̀lú bí ìwọ̀n mẹ́wàá, ti bátìrì a sì bọ́ wálẹ̀ sí 12 volt. Bí mo bá pa iná, gbogbo rẹ̀ a padà sípò. Mo ti ń múra láti dá ọjà padà nígbà tí ríwáyà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, fi ẹnu mítà rẹ̀ kan ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù àti orí négétíìfù, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe géèjì yín, áàsì ni.» Mítà ń ka bí ìdajì volt níbi tí kò yẹ kí ó ti tó ìdámẹ́wàá. Ooru omi kì í yí padà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan nítorí iná iwájú. Abẹ́rẹ́ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wáyà ni ó ń ròyìn rẹ̀.

Ohun tí a ṣe kò gba owó púpọ̀. A ha ìpẹtà kúrò níbi tí okùn áàsì ńlá ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, a pààrọ̀ okùn náà, a sì na wáyà nípọn kan láti ara ẹ́ńjìnnì wá sí ẹ̀yìn pátákó géèjì, kí gbogbo wọn lè jọ máa lo áàsì kan. Iná tí àwọn géèjì náà ń lò, a kò mú un lára wáyà tí ó ti ń gbé họ́ọ̀nù àti waipà. Láti orí bátìrì ni ó ti wá, ó gba inú relay kan, ìyẹn swíìṣì tí iná ń ṣí, tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń darí, ó sì ní fíúsì 5 A tirẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, géèjì bátìrì a ka láàrin 13.8 sí 14.2 yálà iná tàn tàbí kò tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ìgbà díẹ̀, bátìrì tí ó dára yóò wà ní bí 12.6. Mo ti rí i lára géèjì yìí pé báńdì tí ń yí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ń gba bátìrì sí agbára, ti ń yọ̀ kí bátìrì tó kú sí mi lọ́nà, ìyẹn nìkan sì ti tó owó rẹ̀.

Géèjì bẹntiróòlù ni mi ò lè yìn. Ẹni tí ó tà á fún mi ní ọjà sọ pé sẹ́ńsọ̀ inú táńkì èyíkéyìí yóò bá a ṣiṣẹ́, irọ́ sì ni. Géèjì tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà sábà máa ń retí 240 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná nínú sẹ́ńsọ̀) nígbà tí táńkì bá gbẹ àti 33 nígbà tí ó bá kún. Irú ti Yúróòpù kan tí ó wọ́pọ̀ a máa retí 10 nígbà tí ó bá gbẹ àti 180 nígbà tí ó bá kún. Wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn pátápátá. Ẹni tí ó bá so èkíní mọ́ sẹ́ńsọ̀ èkejì lè máa wo abẹ́rẹ́ tí ń gòkè bí epo ti ń tán. Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ inú táńkì mi kò bá èyíkéyìí mu nígbà tí a fi mítà wọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti lo tuntun tí a lè gé apá rẹ̀ sí gígùn táńkì. Ihò orí táńkì náà kò dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, a sì ní láti gé irin pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú gásíkẹ́ẹ̀tì, a fi bóòtù dè é. Bóòtù ni o, kì í ṣe iná wẹ́dà: táńkì tí bẹntiróòlù ti wà nínú rẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ gbẹ, èéfín inú rẹ̀ lè gbiná, ó sì tó láti pa ènìyàn. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, abẹ́rẹ́ náà ṣì ń jó bí epo bá ti ń mì nínú táńkì. Bí ti àtijọ́ bá ṣeé tún ṣe, ẹ tún un ṣe.

Spídómítà GPS dára fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gbòòrò. Kò nílò okùn kankan láti ara gíábọ́ọ̀sì, iye tí ó ń kà sì bá ti fóònù mi mu, èyí tí ó wúlò láàrin ìlú níbi tí òfin ti fi eré mọ sí 50 km ní wákàtí kan. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í tètè rí sátẹ́láìtì bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀, kì í sì rí i rárá lábẹ́ páànù gáréèjì. Bí n bá tún un rà, n ó kọ́kọ́ wá okùn onírin tuntun fún ti àtijọ́.

Pátákó náà jẹ́ alumíníọ́mù 2 mm, páńẹ́lì bítà gé e, ó fi irin tí ń dá ihò 52 mm lu ú, ó sì kùn ún ní dúdú tí kì í dán. Ó rẹwà. Iná búlúù tí ó wà nínú géèjì mọ́lẹ̀ jù fún awakọ̀ alẹ́, mo sì ti fi téèpù dúdú tín-ín-rín bo apá kan rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà òjò, ìkùukùu díẹ̀ a máa hàn lẹ́yìn gíláàsì ti ọ́ílì, yóò sì gbẹ fúnra rẹ̀ tí oòrùn bá ràn.

Mo tún fẹ́ kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ akẹ́rù ńlá wo ẹ̀yìn géèjì kí ó tó sanwó, nítorí pé ti 12 volt ni gbogbo èyí tí mo rà. Ọ̀pọ̀ akẹ́rù ńlá a máa ní bátìrì méjì tí a so tẹ̀léra tí ó di 24, irú géèjì tèmi yóò sì jóná níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá jẹ́ pikọ́ọ̀pù bíi tèmi, kí ó ra sẹ́ńsọ̀ ọ́ílì kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni kan náà, nítorí òun ni ó máa ń tètè lọ nínú gbogbo wọn, a kì í sì í rí i rà lọ́tọ̀ ní Àkúrẹ́.