Pádì 16, etí 11: ohun tójú mi rí lórí pádì tí mo rà ní Pánṣẹ́kẹ́

"Ó ń kólòlò." Ọ̀rọ̀ tí bàbá onílù sọ fún mi nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí lálẹ́ yìí tí iná ṣì wà.

Bíìtì ni mo máa ń ṣe, pádì ni mo sì fi ń lù ú: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tá a máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó ní bọ́tìnnì rọ́bà 16 tá a ń fìka lù bí ìlù, a sì ń pe bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan náà ní pádì. Mo ń ṣe é fáwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, fáwọn tó fẹ́ fi orin mú ìyàwó wọlé, àwọn oníwákà náà máa ń wá. Yàrá kan nílé wa l'Ọ́bàńtókò, l'Abẹ́òkúta, ni mo sọ di sítúdíò, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri, ewúrẹ́ aládùúgbò sì máa ń bá wa gbè é lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, mo bẹ bàbá kan kí wọ́n wá bá mi fi gángan sí orin ìgbéyàwó kan. Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìlù ni wọ́n bá nílé wọn. Mo fi nǹkan ìgbọ́rin sí wọn létí, mo tẹ bíìtì fún wọn, bíìtì tí mo fi odidi ọjọ́ mẹ́ta lù, mo wá ń wojú wọn bí ọmọ iléèwé tó gbé ìwé lọ bá tíṣà. Wọ́n gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yọ ọ́ létí. Wọ́n bi mí pé ta ló lu omele yẹn, mo ní èmi ni sà, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Wọ́n fi èékánná lù ú sórí tábìlì kó lè yé mi. Ọwọ́ kẹta nínú mẹ́rin, nígbà míì kì í pè é já, nígbà míì ẹ̀wẹ̀ kì í tiẹ̀ pè é rárá. Ẹ gbà mí, omi fẹ́ bọ́ lójú mi, torí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń bú ọwọ́ ara mi. Mo ti fi àbóníkì ra ìka. Mo ti ní bóyá àgbà ló ń dé. Ohun tí mo ti gbọ́ lára ìlù yẹn tí mo ń ṣe bíi pé mi ò gbọ́, ìgbà kan péré ni bàbá gbọ́ ọ.

Mo ní bàbá, ẹ̀rọ ni mo fi lù ú. Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ pádì ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ṣé awọ ẹ̀ lo ò sá sóòrùn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rọ́bà ni sà. Àwọn ò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, kí ló wà lábẹ́ rọ́bà?"

Mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ pádì ti mọ̀ ọ́n, mi ò ní í máa ka ohun tó wà lẹ́yìn páálí fún yín. 16 ni, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, bí Roger Linn tó máa ń ṣe ẹ̀rọ ìlù àti ilé iṣẹ́ Akai ṣe tò ó sórí ẹ̀rọ ìlù MPC60 lọ́dún 1988 tí gbogbo ayé wá ń tò ó bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní í dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe tèmi, torí ó ṣeé ṣe kí tẹnìkan nínú yín láti ilé iṣẹ́ kan náà máa ṣe dáadáa. ₦118,000 ni mo rà á. Ibi tó dáa níbẹ̀ dáa gan-an o, kí n má parọ́: kò nílò iná tiẹ̀, ó ń jẹ iná lára láptọ́ọ̀pù, tí wọ́n bá mú iná lọ bíi ti ìlú wa yìí, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé àwọn méjèèjì. Wáyà ẹ̀ ki, ó tóbi. Rọ́bà pádì yẹn náà ò yọ̀, bí ọwọ́ ṣe ń làágùn tó.

Ṣùgbọ́n etí! Etí ni ìṣòro. Bó o ṣe lù ú le tó, ẹ̀rọ á sọ ọ́ di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà, láti 1 dé 127, bí MIDI, ìlànà tí ohun èlò orin fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ṣe là á sílẹ̀ látọdún 1983 nìyẹn. Omele ò ṣeé lu ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀ á wà lókè 90, àwọn ọwọ́ kéékèèké tó ń gbé ìlù rìn, tí ìdí fi ń mì, á wà ní 30, 35. Tí pádì ò bá gbọ́ ọwọ́ kéékèèké yẹn, ẹsẹ̀ ìlù ti ṣẹ́ nìyẹn, ẹni tó ń jó á kàn mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn. Mo mú páálí roboto àárín tíṣù ìnùdí, mo gbé e dúró sórí pádì, mo mú bátìrì rìmóòtù kan, mo ń jù ú sínú ẹ̀ látòkè, ibì kan náà, bátìrì kan náà, kó má baà di pé ọwọ́ mi ló yàtọ̀. Ìgbà márùn-ún márùn-ún lórí pádì kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi jí lágogo kan òru, ó bá mi níbi tí mo ti ń ju bátìrì sínú páálí tíṣù tí mo ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó wò mí títí, ó padà lọ sùn. Àwọn nọ́ńbà yẹn rèé: pádì 1 mú 92, pádì 2 mú 95, pádì 3 mú 121, tó sì ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Pádì 7 mú 34. Pádì 11 mú 19 lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó kù kò gbọ́ nǹkan kan. Pádì 8, 12 àti 16 ń rìn láàárín 40 sí 50. Àwọn 11 tó kù gbọ́ dáadáa, tá a bá ka pádì 3 tí etí tiẹ̀ ti gbọ́ jù mọ́ wọn. Orí pádì 7 ni mo gbé omele sí.

Mo wọnú sẹ́tìn ẹ̀. Mo gbé bó ṣe ń gbọ́ ọwọ́ sókè kí 7 àti 11 lè gbọ́, pádì 3 bá ya wèrè, tí mo bá fọwọ́ kan tábìlì báyìí, òun ti dún. Mo gbé e sílẹ̀, 11 kú. Ẹ̀rọ yìí ò jẹ́ kó o tún pádì kan ṣe lọ́tọ̀, gbogbo wọn lápapọ̀ ni. Ọmọ kan ń ṣàìsàn, o wá ń rọ oògùn sí gbogbo ilé lẹ́nu.

Mọ́ńdè, mo gbé e sínú báàgì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà, tó ń pè mí ní "àǹtí mi tó rẹwà" lọ́jọ́ tí mo sanwó, ojú tó fi wò mí lọ́tẹ̀ yìí dà bíi pé mo wá tọrọ owó ọkọ̀. Ó ní kí n dúró de máníjà. Máníjà ń bó ọsàn. Mo dúró. Ó bó ọsàn yẹn tán láìjá èèpo (ọwọ́ ẹ̀ dá, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn), ó gé e lórí, ó mu ún, ó nu ọwọ́, ó wá yọjú wo inú báàgì mi.

"Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

Mo ní bọ̀ọ̀dá wo?

"Ẹni tó ń lò ó. Ẹ ní kí wọ́n wá fúnra wọn, ká lè ṣàlàyé fún wọn."

Mo ní èmi ni mò ń lò ó. Ó ní "Ó dáa, màdáámù," ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ ni. Ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pádì yẹn gbà-gbà-gbà, gbogbo wọn ń ké. "Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ẹ̀ ń dún. Ọwọ́ yín ni, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ dáadáa." Bọ̀ọ̀dá kan tó wá ra ìyáfóònù náà dá sí i, ó ní "Ó kúkú ń dún, sister."

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra pádì, ẹ gbọ́ ibí yìí. Bọ́tìnnì tó tẹ̀ yẹn, Full Level ni. Tí Full Level bá wà lórí, ọwọ́ yòówù tí pádì bá ti gbọ́, 127 ló máa gbé jáde, kódà kó jẹ́ ìka ọmọ ọwọ́ ló kàn án. Bíi kéèyàn fi mẹgafóònù polówó agbo jẹ̀díjẹ̀dí ní gáréèjì Kútọ̀, ta ló fẹ́ mọ̀ pé ọ̀fun ń dùn ún? Irú àyẹ̀wò yẹn ò lè fi pádì adití hàn láéláé. Mo na ọwọ́, mo pa bọ́tìnnì yẹn, mo ní ó yá, ẹ tún un lù, jẹ́jẹ́. Kò lù ú. Risíìtì ló mú, ó fi èékánná tọ́ka sí ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí tíntìntín pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà.

Mo bá jókòó sórí páálí sípíkà. Mo ní mi ò lọ. Nígbà tó ṣe, mo yọ páálí tíṣù mi àti bátìrì mi nínú báàgì, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti pádì 1. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ìgbà tá a máa fi dé 7, bọ̀ọ̀dá oníyáfóònù yẹn ti ń bá mi ka nọ́ńbà sókè, nígbà tí 11 sì dákẹ́ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó yíjú sí máníjà, ó ní "Ọ̀gá, eléyìí ò gbọ́ o." Inú mi dùn débi pé ó ku díẹ̀ kí n bá a sanwó ìyáfóònù.

Máníjà wọlé lọ. Ibi tí mo ti ń múra àtibínú gan-an ni ọmọkùnrin kan ti yọrí látẹ̀yìn, ọmọ tó ń tún kíbọ́ọ̀dù ṣe fún wọn, mi ò rò pé ó tíì pé ogún ọdún. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n yẹ̀ ẹ́ wò." Iná ò sí, ó ki fóònù bọ ẹnu, ó fi tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ríran. Ó tú súkúrù mẹ́jọ, ó ń tò wọ́n sínú ọmọrí ìgò bó ṣe ń tú wọn. Ó wá fi hàn mí. Rọ́bà 16 yẹn, ẹyọ kan gbọrọgidi ni gbogbo ẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni fọ́nrán pẹlẹbẹ kan wà tó ń mọ bí ọwọ́ ṣe wúwo tó. Tí rọ́bà ò bá jókòó sórí ẹ̀ dáadáa, kò ní í mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kàn án. "Ẹ wò ó, súkúrù apá ibí, wọ́n fún un jù, ó ti ń tẹ 3 mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Apá ọ̀tún yìí, wọn ò fún un dé ibì kankan."

Ó fi sípírítì nu ún. Ó mú tẹ́ẹ̀pù oníná dúdú, èyí tí gbogbo wa mọ̀, ó gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́bà: ẹyọ kan fún 8, 12 àti 16, ìpele méjì fún 7, mẹ́ta fún 11. Ó dá súkúrù padà, kò fún ọ̀kan parí kó tó lọ sórí èkejì, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i tí bàbá ń fa osán. A ju bátìrì. Pádì 7, 91. Pádì 3, 97, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún. Pádì 11, 78. Mo pariwo débi pé ọmọbìnrin káńtà sáré wá.

Mo ní èló ni, ó ní kí n fún òun lówó píọ̀ wọ́tà. Mo fún un ní ₦3,000. Máníjà ò jáde mọ́ títí mo fi lọ.

Ṣé ó wá yẹ kéèyàn san ₦118,000 kó tún máa wá ẹni tó máa lẹ tẹ́ẹ̀pù sí i nídìí? Kò yẹ. Ìbínú yẹn ò tíì tán nínú mi. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó báyìí, mo sì ti tún omele yẹn lù látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá padà wá ní Tọ́sìdeè, wọ́n gbọ́ ọ, wọn ò yìn ín, wọn ò bú u, wọ́n kàn mú kọ̀ǹgọ́, wọ́n wọlé sí i láìjẹ́ kí n tíì tẹ bọ́tìnnì tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe.

Pádì: 4 nínú 5. Ṣọ́ọ̀bù: 5 nínú 5, ti ọmọ ẹ̀yìn yẹn nìkan ni o, kí máníjà má fi polówó. Ọkọ mi ka èyí tán, ó ní kí n dín in kù sí 2. Bọ̀ọ̀dá tí wọ́n ń wá nìyẹn, ẹni tí pàtẹ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an kì í bá ìlù mu.