Phc2sys tó mú aago pọ́ọ̀tù mẹ́rin rìn pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi

Ohun tó gbé mi dé ìdí phc2sys, ètò Linux tó ń mú àwọn aago inú kọ̀ǹpútà kan bára mu, ni pé pákẹ́ẹ̀tì kan (ẹyọ dátà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) wọlé ní pọ́ọ̀tù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kìíní, ó gba pọ́ọ̀tù kẹta jáde, àkókò tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ wá ní ó ti jáde kó tó wọlé. Mo wò ó títí, orí mi gbóná. Àṣé pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ló ní aago tiẹ̀, /dev/ptp0, /dev/ptp1, títí dé orí 3, aago kọ̀ǹpútà gan-an tún dá wà, ptp4l tí mò ń lò, ètò tó ń gba àkókò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nípa ìlànà PTP (Precision Time Protocol), sì ń tún ti pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo ṣe, àwọn yòókù ń rìn bó ṣe wù wọ́n.

Inú linuxptp, àkójọ ètò kan náà tí ptp4l ti wá, ni phc2sys wà. Mo kọ́kọ́ fi boundary_clock_jbod sí 1 nínú config ptp4l, torí láìsí ìyẹn kò ní gba pọ́ọ̀tù tí aago wọn yàtọ̀ síra, mo wá tẹ phc2sys -a -r. -a yẹn á bi ptp4l pé pọ́ọ̀tù wo ló ń gba àkókò lọ́wọ́ báyìí, á wá mú àwọn tó kù tẹ̀lé e, -r á fa aago kọ̀ǹpútà náà mọ́ wọn. Mo jókòó ti lọ́ọ̀gì ẹ̀, s0, s1, ó dé s2 tó túmọ̀ sí pé ó ti di aago mú, offset (ìyàtọ̀ láàárín àwọn aago) tó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún tẹ́lẹ̀ ò wá ju nanosecond 20 sí 30 lọ mọ́. Mo yọ wáyà pọ́ọ̀tù tó ń gba àkókò láti fi dán an wò, òun fúnra ẹ̀ ló kọjú sí pọ́ọ̀tù mí-ìn, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ibẹ̀ yẹn ló wù mí jù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa fọwọ́ yan aago fúnra yín ńkọ́, ẹ ṣọ́ra o. Mo fi -O 0 (pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín aago méjèèjì) síbi tó yẹ kí n fi -w (kó gba ìyàtọ̀ náà lọ́wọ́ ptp4l) sí, aago kọ̀ǹpútà mi bá sáré síwájú pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì 37, torí TAI (àkókò aago átọ́míìkì) ni PTP ń lò, ó sì ti fi 37 ṣáájú UTC (àkókò àgbáyé tí kọ̀ǹpútà ń lò) láti 2017. Ẹ pa chrony náà, ètò mí-ìn tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, tí phc2sys bá ti ń darí aago kọ̀ǹpútà, èmi ò pa tèmi lákọ̀ọ́kọ́, àwọn méjèèjì ń fa aago kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, offset ń lọ sókè sódò.

Kẹ́ ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ tẹ ethtool -T pẹ̀lú orúkọ pọ́ọ̀tù yín. Tó bá kọ none síwájú PTP Hardware Clock, kò sí aago tí phc2sys máa rí dì mú níbẹ̀.