Taylor tí mo tà, Martin tí mo dì mú: ṣé gìtá olówó ńlá máa ń mú owó rẹ̀ padà wá?

Gìtá méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: Taylor 314ce tí mo tà láàárín ọdún 2024, àti Martin D-18 tó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Taylor àti Martin jẹ́ ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe gìtá ní Amẹ́ríkà. Àlòkù ni méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas ló bá mi rà wọ́n, òun náà ló sì gbé wọn wálé. Iṣẹ́ orin ni mo ń jẹ ní Òṣogbo níbí: ìgbéyàwó, òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní gìtá nílé. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ iye tí a rà wọ́n ló máa ń bi mí pé ṣé owó yẹn kò ti wọlẹ̀.

Kò wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n irú owó tí ẹ bá fi kà á ló máa sọ bó ṣe rí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, $1,450 la ra Taylor yẹn. Dọ́là kan kò tíì tó ₦500 lójú ọjà nígbà náà, nítorí náà owó ọ̀hún kò ju nǹkan bíi ₦700,000 lọ. ₦1,600,000 ni mo tà á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra ọtí fún àwọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù: lásìkò tí mo tà á, dọ́là ti di nǹkan bíi ₦1,500, nítorí náà ohun tó wọ àpò mi kò ju $1,070 lọ. Bí a bá fi owó Amẹ́ríkà kà á, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó bọ́ sọnù. Síbẹ̀, ẹni tó kó ₦700,000 sí báńkì lọ́dún 2021 kò lè fi í ra ohun tó jọ gìtá yẹn lónìí. Èmi lò ó, ó bá mi pawó, mo sì tún tà á.

Ìdí tí kò fi já ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé àlòkù la rà. Ọjọ́ tí gìtá tuntun bá ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ máa ń já jù, lára ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹni àkọ́kọ́ tó rà á nìkan ni Martin àti Taylor ń ṣe onídùúró fún bí àbùkù bá yọ lára gìtá. Ẹlòmíràn ti jẹ àdánù yẹn kí ó tó kàn mí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn gìtá àtijọ́ gbé yín lọ. Òótọ́ ni pé D-45 tí Martin ṣe láàárín 1933 sí 1942 kò ju 91 lọ, owó ilé ni wọ́n sì ń béèrè fún un lónìí. Òótọ́ ni pé D-18E ti ọdún 1959 tí Kurt Cobain, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, lò, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là tí wọ́n tà á ní 2020. Ní ti Cobain, ẹni tó fi kọrin ni wọ́n sanwó fún, kì í ṣe igi. Irú D-18 tèmi, ilé iṣẹ́ náà ṣì ń ṣe é jáde ní Pennsylvania. Kò sí bó ṣe máa gbówó lérí bẹ́ẹ̀ láyé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ohun tó ń mú kí gìtá níye lórí lọ́hùn-ún kọ́ ni àwọn èèyàn ń wò níbí. Òyìnbó tó fẹ́ ra Martin kò fẹ́ kí ẹ ti fọwọ́ kàn án: kí ẹ má tún un kùn, kí ẹ má lu ihò sí i, kí àpótí tó bá a jáde wà níbẹ̀. Ihò kékeré kan tí ẹ bá lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi ti wáyà ẹ̀rọ agbóhùnsókè bọ̀ ọ́, owó já nìyẹn. Ẹ wá gbé e wá sí Òṣogbo. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, “Ṣé ó ní ojú wáyà?” Wọn ò jẹ̀bi. Bí ìlù, gángan àti kíbọ́ọ̀dù bá ti dún nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló tún fẹ́ gbọ́ gìtá tí kò gba wáyà? Taylor mi ní tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Martin mi kò ní, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ dùn ju ti Taylor lọ ní ìlọ́po. Nígbà tí mo gbé àwọn méjèèjì síta, Taylor ni gbogbo èèyàn ń pè mí sí.

Orúkọ igi kò sì wú ẹnikẹ́ni lórí níbí. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ Taylor yẹn, igi sapele ni, igi tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Sapele wa lọ́hùn-ún. Igi dúdú tó wà lójú ọrùn rẹ̀, ìyẹn ẹ́bónì, ilé iṣẹ́ náà ní ibi tí wọ́n ti ń là á ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Ti Martin jẹ́ mahogany, ẹbí ọ̀gànwó. Ká máa gbé igi lọ sí California tí Taylor wà kí ó tún padà wá fi dọ́là bá wa lálejò, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Àmọ́ ojú ọjọ́ ni kó kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù. Odidi igi ni wọ́n fi ṣe irú gìtá wọ̀nyí, kì í ṣe pélébé tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, odidi igi sì máa ń mu omi, ó máa ń gbẹ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é fẹ́ kò ju 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà òjò, ojú gìtá á wú, okùn á ga sókè, ìka á máa dun èèyàn. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á sún kì, etí irin tó wà lójú ọrùn á máa họ ọwọ́, bí ẹ kò bá sì ṣọ́ra, ojú gìtá á là. Gìtá tó là, ẹ lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á yóò rí ojú àpá náà, yóò sì gé owó. Kànìnkànìn tútù tí mo fún dáadáa, tí mo kó sínú ike ọṣẹ tí mo dá ihò sí lára, ni mo ń kó sínú àpótí wọn nígbà ọyẹ́, pẹ̀lú aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin. Mi ò kì í gbé wọn kọ́ ògiri. Ẹni tó ń fi ẹ́síì tan ọyẹ́ fún gìtá láti January dé December, tirẹ̀ burú ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọrùn tún wà níbẹ̀. Bóòtì ni wọ́n fi de ti Taylor, nítorí náà ó rọrùn láti tú kí a tún un tò. Ti Martin, wọ́n gbẹ́ igi wọ inú igi, wọ́n sì fi àtè lẹ̀ ẹ́. Káfíńtà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní Òkè-Fìà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní gbé ọrùn Martin lé e lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ta Martin tó ti pẹ́ ju 1985 lọ fún yín, ẹ rántí pé kò ní irin tí ẹ lè fi tún ọrùn náà tò.

Títà gan-an pẹ́. Láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé ni mo fi ń polówó Taylor. Àwọn kan ń fi gìtá Alábà wé e, wọ́n ní kí n gba ₦300,000. Bàbá kan tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní Ilé-Ifẹ̀ ló wá rà á. A pàdé nítòsí Ọlá-Ìyá. Wọ́n ní, “Àbúrò, owó ọ̀kadà lẹ pè yìí o.” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ta á ná.” Wọ́n ta á, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n wá yọ fóònù, wọ́n fi nọ́ńbà tó wà nínú gìtá náà wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ná ọjà. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀: ayédèrú Martin pọ̀ lágbàáyé, wọ́n á kọ orúkọ náà rekete sí orí ọrùn, nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì ní bá ohunkóhun mu. Ìwé ẹ̀rí ìrajà àti àpótí tó bá a jáde tí mo fi lé wọn lọ́wọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n já a sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Nítorí náà, bó bá ṣeé ṣe kí ẹ nílò owó yín lójijì, irú Taylor tó ní ojú wáyà ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ àlòkù. Bí ohùn lẹ ń wá tí ẹ kò sì ní kánjú tà á, Martin ni. Wọ́n ti ń fi ₦1,800,000 lọ̀ mí lórí tèmi, pẹ̀lú àdéhùn pé kí n kọ́kọ́ lu ihò wáyà sí i. Mi ò ní lù ú.