Wọ́n Sọ Àkọlé Mi Di Àmì Ìbéèrè: Bí Mo Ṣe Fi Ìwé Ọ̀mọ̀wé Mi Sílẹ̀ ní Láíbìrì Yunifásítì

Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà wọn lọ́jọ́ Ajé tó kọjá nìyí, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀:

??r?? ?nu Àw?n Alá?? Òkè ní Jankárà

Àkọlé ìwé ọ̀mọ̀wé mi ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń tọ àwọn ìyá tó ń ta ẹtù, sányán àti àlàárì lẹ́yìn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Yorùbá ni mo sì fi kọ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ọ̀rọ̀ Ẹnu Àwọn Aláṣọ Òkè ní Jankárà” ni mo kọ. Láíbìrì yunifásítì kan lápá Mainland ló fẹ́ gbé e jáde fún aráyé báyẹn.

Mo nàka sí i fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo àkọlé yìí.” Kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Àǹtí, kọ̀ǹpútà wa ò gba Yorùbá. Ẹ lọ yí i sí Òyìnbó, kí ẹ bọ́ọ̀nù síídì mìíràn wá.”

Inú bí mi débi pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Ṣómólú ni mo ti lọ di ẹ̀dà márùn-ún, láàárín àwọn onítẹ̀wé. Bàbá tó bá mi dì í ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn lẹ́tà irin tí wọ́n fi ń tẹ àkọlé sí ẹ̀yìn ìwé ò ní ẹ tàbí ọ nínú. Bàbá tẹ e àti o lásán ná. Wọ́n wá ki orí ìṣó bọ iná, wọ́n fi bébà góòlù lé ibẹ̀, wọ́n sì ń fi ìṣó náà tẹ dọ́ọ̀tì sísàlẹ̀ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá ìṣó náà dùbúlẹ̀, wọ́n fi fa àmì ohùn. Ẹ̀yìn ìwé márààrún! Wọn ò fi kọ́bọ̀ kún owó wọn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.” Ìṣó ni bàbá yìí fi ṣe é o. Láíbìrì yunifásítì wá ní kọ̀ǹpútà àwọn ò gba Yorùbá.

Síídì náà ń kọ́? Laptop mi ò ní ibi tí wọ́n ń ki síídì sí. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀yìn géètì ló ṣe é fún mi, ₦1,500 fún ẹyọ kan. Fọ́ọ̀mù wọn ní kí a mú un wá, mo mú un wá.

Ohùn mi ti ròkè kí n tó mọ̀. Ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn yàrá inú ṣí, màmá kan jáde, awò lójú, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́. “Ta ló ní kọ̀ǹpútà ò gba Yorùbá?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní kí n wọlé, wọ́n gbé kúlà sílẹ̀, wọn ò sì ṣí i títí aago mẹ́ta fi lù.

DSpace ni wọ́n ń lò, ètò kọ̀ǹpútà tí láíbìrì fi ń kó ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà àti ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé jáde ní 2002, ó sì gba Yorùbá dáadáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn ará káńtà máa ń kọ́kọ́ tẹ àkọlé sínú Excel, wọ́n á wá fi pamọ́ bíi CSV ti àtijọ́, irú fáìlì tí kò mọ̀ ju lẹ́tà àwọn òyìnbó lọ. Ibẹ̀ ni lẹ́tà wa ń kú sí. Màmá ní kí n wò ó dáadáa: “à” àti “è” ò kú, torí Faransé náà ń lò wọ́n, àyè wà fún wọn nínú ètò lẹ́tà àwọn òyìnbó. “Ẹ”, “ọ” àti “ṣ” ni ò ríbi jókòó. “Ọ̀” tiẹ̀ di àmì ìbéèrè méjì, nítorí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un: ọ lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá yan “CSV UTF-8”, èyí tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, nígbà tí wọ́n bá ń fi í pamọ́, kò sí èyí tó máa sọnù. Nítorí nǹkan tí kò ju ìyẹn lọ ni wọ́n ṣe ní kí n sọ iṣẹ́ mi di Òyìnbó!

Màmá fúnra wọn tẹ àkọlé náà tààrà sínú DSpace, wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó kan àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn á fi wá a, wọ́n dúró. “Ẹtù aṣọ ni àbí ẹ̀tù ìbọn?” Mo ní aṣọ ni, ma. “Ó dáa, kó má lọ di ẹtu inú igbó.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí àwọn ìwé tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Àmì ìbéèrè lókè, àmì ìbéèrè nísàlẹ̀. Mẹ́ta-mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń tún wọn ṣe, láàárín iṣẹ́ mìíràn.

Ní ti kíka ìwé ẹlòmíràn, yàrá òkè tutù, ó dákẹ́, àwọn tó ń báni gbé ìwé wá kì í jágbe mọ́ni. Ibẹ̀ ló gbà mí nígbà tí EThOS, ibi tí British Library ń kó ìwé ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sí, dákẹ́ lẹ́yìn tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlù wọ́n ní October 2023. Ṣùgbọ́n o ò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò, o ò gbọ́dọ̀ ṣe fótókọ́pì, ìsọnísókí nìkan ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Odidi orí kan ni mo fi bírò dà kọ, tí ìka mi wú. Èyí ò dáa rárá.

Ọjọ́rú ni wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin káńtà ló fún mi. Kò bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ó gbé ẹ̀dà tí mo dì ní Ṣómólú, ó ń fi àtàǹpàkò ra góòlù ẹ̀yìn rẹ̀ lórí, dọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn.

Bí ó bá kan ìwọ, má dúró ní káńtà, béèrè yàrá inú. Rí i pé fọ́ǹtì rẹ wọ inú PDF kí o tó lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nínú danfo ní Ojúẹlẹ́gba, mo tẹ “ẹtù” sí ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé wọn. Tèmi ló yọ, tòun ti dọ́ọ̀tì àti àmì ohùn rẹ̀. Mo gbé e han ìyá tó jókòó tì mí, ó kà á já láìsinmi. Ṣùgbọ́n màmá yẹn ń fẹ̀yìn tì ní December, CSV àtijọ́ sì ṣì wà ní káńtà.

2 nínú 5 ni mo fún láíbìrì yìí.