Internet Archive: mo fi tọpasẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ bá aláìsàn nílé

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un.

Nọ́ọ̀sì ni mí n'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé ni mò ń gbé kiri agboolé. (Ẹ má fi wá wé wolé-wolé o, tí àwọn ìyá wa ń torí tanwíji gbé ìkòkò omi pamọ́ fún!) Mo fẹ́ mọ ibi tí irú iṣẹ́ tiwa yìí ti ṣẹ̀ wá, ni mo bá bọ́ sórí Internet Archive, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tó ti pẹ́, ẹ ó kàn ṣí i kà ni. Àwọn mìíràn, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó yá a, fún wákàtí kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni mo ti ka ìwé tí Lillian Wald fúnra rẹ̀ kọ ní 1915. Òun àti Mary Brewster ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láàárín àwọn tálákà New York ní 1893.

Mo tún tọpa dé Liverpool, ọdún 1859. Mary Robinson ni nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ìyàwó William Rathbone, oníṣòwò kan níbẹ̀, títí obìnrin náà fi dolóògbé. Ni Rathbone bá gbà á síṣẹ́ pé kó lọ máa tọ́jú àwọn tálákà nílé wọn fún oṣù mẹ́ta. Kò pẹ́ tí Robinson fi ní òun ò ṣe mọ́. Ìyà tó ń fojú rí ti pọ̀ jù fún un. Rathbone ló bẹ̀ ẹ́ kó fara dà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rán èmi náà wọ agboolé, ẹkún ni mo sun délé.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹ lè wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kọ Ogbomoso, ohun tó jáde kò tó nǹkan. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ fi h sí i, bí òyìnbó ìgbà yẹn ṣe ń kọ ọ́." Mo kọ Ogbomosho, ni ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi bá ń ya wọlé: Dókítà George Green tó dé síbí ní 1907, àti ilé ìwòsàn tó di Bowen lónìí. Àmọ́ nínú èyí tí mo kà, òyìnbó ló lórúkọ. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ ọmọ ta ni wọ́n. Ìyẹn dùn mí.

Ẹ ṣọ́ dátà yín o. PDF ni mo kọ́kọ́ ń gbà sílẹ̀, àfọwọ́fà ara mi ni, dátà ọ̀sẹ̀ kan tán lálẹ́ ọjọ́ kan. "Full Text", ìyẹn ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan láìsí àwòrán, ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́tà lè dojú rú díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n odidi ìwé kì í sábà ju MB kan lọ.