Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń sin ìṣáwùrú ní Àkúrẹ́: iyọ̀ ni wọ́n ń tà fún wa bí oògùn ìkarahun

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ará Oǹdó, gbogbo ẹ̀yin tó ń sin ìṣáwùrú sínú àpótí gíláàsì olómi nínú ilé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rá kan wà níta báyìí, ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, bírò ni wọ́n kàn fi kọ "calcium" sí i. Wọ́n ní ó ń mú kí ìkarahun le. Irọ́ ni! Iyọ̀ ni. Iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀! Ó ti pa gbogbo ìṣáwùrú mi, mi ò sì fẹ́ kó pa tiyín.

Irú tí wọ́n ń pè ní mystery snail ni tèmi, àwọn aláwọ̀ góòlù tí ìran wọn wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọmọ mi obìnrin ló bẹ̀ mí títí tí mo fi ra àkọ́kọ́. Ó sọ èyí tó tóbi jù nínú wọn ní Wúrà. Ẹni tí kò bá sìn ín rí lè máa bi mí pé kí ló wà lára ìṣáwùrú tí mo fi ń pariwo báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Tó bá di alẹ́ tí ilé dákẹ́, Wúrà á gun ara gíláàsì wá sókè, á na ọ̀pá ìmí rẹ̀ jáde sójú omi, á máa fa afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ á máa mì síwá sẹ́yìn. Ọmọ mi á jókòó tì í títí oorun á fi gbé e lọ. A fẹ́ràn wọn. Mi ò tijú láti sọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo rí i pé òkè ìkarahun Wúrà ti ń funfun, ó sì ń jẹ ihò kéékèèké. Omi òjò tí mo gbè sínú dúrọ́ọ̀mù ni mo ń lò fún wọn, omi òjò kò sì ní èròjà kálísíọ̀mù tó lè bọ́ ìkarahun. Ìṣòro náà wà lóòótọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín. Kì í ṣe pé owó ń yọ mí lẹ́nu tí mo wá ń wá ohun tí n óò fi í rà. Mo lọ bá ẹni tó ta ìṣáwùrú náà fún mi, torí òun ni mo mọ̀. Orí WhatsApp ló ti ń tajà, á wá gbé e pàdé ẹ nítòsí Ọjà Ọba. Ọmọkùnrin tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ tó bá ti rí ẹ.

"Mọ́mì, ẹ má mikàn. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òun ni wọ́n ń lò lókè òkun."

₦12,000 fún ọ̀rá kan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà! Mo ní kó bá mi dín in kù, ó ní, "Mọ́mì, torí pé ẹ̀yin ni, ₦15,000 ni mò ń tà á fún àwọn yòókù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún gbàdúrà fún un lójú títì níbẹ̀, pé Ọlọ́run yóò bù sí ọjà rẹ̀. Bí mo bá ti rántí àdúrà yẹn, ó máa ń dùn mí ju owó náà lọ.

Ó ní kí n máa da ṣíbí ìmùkọ mẹ́ta sí i lọ́sẹ̀. Ogójì lítà omi ló wà nínú gíláàsì mi. Ó wá kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ pààrọ̀ omi, kí oògùn má baà ṣòfò. Bí omi bá fà, kí n kàn bu omíràn lé e. Mo ṣe é bó ṣe wí. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: bó ṣe wí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Torí ohun tó padà ń sọ kiri ni pé èmi ni mi ò tẹ̀lé àlàyé.

Nígbà tó yá, Wúrà ò gun òkè wá mí mọ́ lálẹ́. Àwọn tó kù wọ inú ìkarahun wọn lọ, wọ́n sì fi ìdérí wọn ti ẹnu rẹ̀ pa. Omi yíyọ̀ kan tó ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára wọn. Ewé ẹ̀fọ́ tí mo bọ̀ fún wọn, wọn ò fẹnu kàn án. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yìí. Ó ní oògùn ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń sinmi ni, kí n fi ṣíbí kan kún un.

Kí n fi kún un! Ẹranko ń kú lọ, ó ní kí n bu ohun tó ń pa á lé e lórí. Mo sì bù ú. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bù ú.

Òórùn ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ tí Wúrà kú. Ara rẹ̀ ti já jáde nínú ìkarahun, ó rọ jọwọrọ, mo fọwọ́ kàn án kò mira. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó sùn." Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún un? Mo gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìnkùlé, a sin ín síbẹ̀. Ká tó parí ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo àwọn tó kù ti tẹ̀ lé e. Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà. Ó kọ́kọ́ ní oúnjẹ tí mo ń fún wọn ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo ní kò pọ̀, ó ní omi Àkúrẹ́ ni kò dáa. Nígbà tí mo ní omi òjò ni, ó ní àwọn mọ́mì kì í fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: "Mọ́mì, àwọn tuntun ti dé o, ẹ tètè wá mú tiyín."

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Ẹni tó ta ẹranko fún ẹ, tó ta ohun tó máa pa á fún ẹ, tó tún ní òmíràn nílẹ̀ tí yóò tà fún ẹ bó bá ti kú. Ṣé àìmọ̀ nìyẹn? Mi ò gbà. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé àìmọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń sin ẹja àrọ̀ lọ́nà Ọ̀bá-Ilé ló tú àṣírí rẹ̀. Bọ̀dá wá kí wa, wọ́n rí èépá funfun tó gbẹ mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi ti fà, wọ́n fi ìka ha á, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n ní, "Ìyàwó, iyọ̀ rèé." Mo ní kálísíọ̀mù ni. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀rá rẹ̀ wá, wọ́n tọ́ ìyẹn náà wò, wọ́n tutọ́ sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn máa ń fi iyọ̀ wẹ ọmọ ẹja bí kòkòrò bá mú wọn lára, wọ́n sì máa ń kó wọn kúrò nínú rẹ̀ láìpẹ́. Ẹja àrọ̀ lè fara da ìyẹn. Ọmọ wọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, wá gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ inú omi wá, torí mi ò tíì da omi náà nù. Ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 7 nínú lítà kan. Omi odò tí kò níyọ̀ kì í tó ìdajì gíráàmù. Omi òkun jẹ́ bíi 35. Ìdá kan nínú márùn-ún iyọ̀ òkun ni mo kó àwọn ẹranko yẹn sí!

Ọmọ náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Omi ara ìṣáwùrú odò ní iyọ̀ ju omi tó ń gbé lọ, nítorí náà omi máa ń wọ̀ ọ́ lára ṣáá, ara rẹ̀ sì ti mọ bó ṣe ń tú u dànù. Bí iyọ̀ ìta bá wá ju ti inú lọ, ó yí padà: omi ara rẹ̀ ni yóò máa fà jáde, yóò sì máa gbẹ láti inú wá nígbà tó jẹ́ pé inú omi ló wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Èyí tó burú jù ni pé iyọ̀ kì í bá omi fà lọ. Ọyẹ́ ń gbẹ omi, iyọ̀ ń dúró sílẹ̀, èmi ń bu omi lé e, mo tún ń da ṣíbí mẹ́ta mìíràn sí i. Gbogbo èyí tí mo ti dà látìbẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àṣé ìdí tó fi ní kí n má pààrọ̀ omi nìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Ẹ ó ní ọmọdé pàápàá mọ̀ pé iyọ̀ àti ìgbín kì í rẹ́. Mo mọ̀! Agboolé tí wọ́n ti ń bọ Ọbàtálá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí wọ́n ti ń se ìgbín láìfi iyọ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi nípa ìgbín àti iyọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ra iyọ̀, kálísíọ̀mù ni mo ra! Ta ló ń tọ́ oògùn ẹranko wò? Síbẹ̀, tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́, mò ń bi ara mi pé kí ló dé tí mi ò fi ìka kan ibẹ̀, kí n fi kan ahọ́n. Ìṣẹ́jú kan ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé àwọn ìṣáwùrú kan wà tó ń gbé omi iyọ̀. Wọ́n wà. Àwọn gígùn onímú ṣóńṣó tí wọ́n ń kó létí omi Ìlàjẹ, níbi tí òkun ti ń dà pọ̀ mọ́ odò, iyọ̀ kò ní kí wọ́n má gbé. Ti wa kì í ṣe irú wọn.

Mo ti bèèrè kiri, mo sì ti rí ọ̀rá funfun kan náà lọ́wọ́ àwọn olùtajà mìíràn. Nítorí náà, lójú tèmi, gbogbo wọn ni. Ẹ ó ní kí n má kó gbogbo wọn pọ̀. Ó dáa, kí èyí tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn tú ọ̀rá rẹ̀ lójú oníbàárà, kó sì tọ́ ọ wò. Èyí tí kò bá lè ṣe é, kó máa lọ.

Kí n tètè sọ èyí tó kù. Ẹ bu ìyẹ̀fun náà díẹ̀ sínú omi lásán. Kálísíọ̀mù tó wà nínú èèpo ẹyin kì í yòrò, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí. Iyọ̀ á yòrò pátá. Ẹ bu díẹ̀ sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́: ti èèpo ẹyin á hó, iyọ̀ kò ní hó. Ẹ ṣe méjèèjì, torí káún náà máa ń hó, ṣùgbọ́n ó ń yòrò. Kò tiẹ̀ yẹ kí ẹ rà á rárá: ẹ bọ èèpo ẹyin, ẹ sá a gbẹ, ẹ gún un, ẹ dà á sínú omi wọn. Ọ̀fẹ́ ni! Ẹ má sì lo oògùn ẹja kankan tó ní kọ́pà nínú, ó ń pa ìṣáwùrú.

Bí ẹ bá ti da ọ̀rá yìí sómi, tí tiyín ṣì wà láàyè, ẹ da ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà nù nísinsìnyí, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ tún ṣe é lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, títí yóò fi mọ́. Bí omi ẹ̀rọ ni ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kó ti sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ lè kúrò. Bíbu omi lé e nìkan kò lè ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni náà ti bílọ́ọ̀kì mi. Ìyókù ọ̀rá náà wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù mi, gbogbo ohùn tó fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, títí kan èyí tó ti ní kí n fi ṣíbí kan kún un. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rà á, ẹ má da tiyín nù. Ẹ kàn sí mi ní kọ̀rọ̀, ká lè jọ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ká sì kọ̀wé sí àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo lọ, wọ́n á ní torí ìṣáwùrú. Ẹ jẹ́ ká pọ̀.